Ọta Wo Ló Yẹ Ìbọn Ológun Àtijọ́? Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìbọn ológun àtijọ́ kì í dé ọwọ́ olùkójọ ní tààrà. Ìjọba kan ṣe é, òmíràn gbà á lójú ogun, ẹ̀kẹta gbẹ́ inú rẹ̀ kó lè jẹ ọta tiwọn, oníṣòwò kan sì tún rà á, ó gé e kúrú, ó kùn ún. Orúkọ rẹ̀ kò yí padà ní gbogbo ìrìn yẹn, ṣùgbọ́n ọta tó bá a mu lè ti yí padà lẹ́ẹ̀mejì. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ìdáhùn tó wà nísàlẹ̀ yìí fi ń padà sí ibì kan náà: ìbọn tó wà lọ́wọ́ yín gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ bi léèrè, kí ẹ tó bi ẹni tó ń ta ọta. Ohun tí òfin ibi tí ẹ wà sọ nípa níní ìbọn àti ọta ló sì ṣíwájú gbogbo rẹ̀.

Ibo ni mo ti lè mọ ọta tí ìbọn mi ń jẹ?

Ẹ wo òǹtẹ̀ ara irin: lórí ibi tí ọ̀pá ìbọn ti wọnú ara rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá, àti lábẹ́ igi nígbà mìíràn. Ó lè sọ iléeṣẹ́, ọdún, orílẹ̀-èdè àti ìwọ̀n ọta. Àmọ́ ẹ má fi òǹtẹ̀ nìkan parí ọ̀rọ̀.

Ẹ wo ìbọn P14 àti M1917. Àwọn iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà kan náà ló ṣe méjèèjì nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n sì jọra débi pé ẹni tí kò bá tíì mọ̀ wọ́n kò lè fi ojú yà wọ́n. Síbẹ̀ P14 ń jẹ .303 ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, M1917 ń jẹ .30-06 ti Amẹ́ríkà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì tí wọ́n pín M1917 fún àwọn Home Guard, ẹgbẹ́ ará ìlú tó ń ṣọ́ ilé, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ni wọ́n fi ọ̀dà pupa yí igi rẹ̀ po kí ẹnikẹ́ni má baà ki .303 bọ̀ ọ́. Àwọn tó ni ìbọn méjèèjì gan-an kò fọkàn tán ojú ara wọn.

Èyí tó tún le ni ìbọn tí wọ́n ti gbẹ́ inú rẹ̀. Lẹ́yìn ogun, wọ́n kó Arisaka Type 99 ti àwọn ará Jàpáànì wọ Amẹ́ríkà lọ́pọ̀lọpọ̀. Ọta 7.7 tó ń jẹ ṣọ̀wọ́n nígbà náà, nítorí náà àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn gbẹ́ púpọ̀ nínú wọn kí wọ́n lè jẹ .30-06. Wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún Mauser 8mm pẹ̀lú. Òǹtẹ̀ àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀ bó ṣe wà, lọ́pọ̀ ìgbà kò sì sí ẹni tó fi òǹtẹ̀ tuntun lé e lórí.

Nítorí náà, wíwọ̀n ló dájú. Ohun méjì ni alágbẹ̀dẹ ìbọn máa ń wọ̀n. Èkíní ni inú ọ̀pá: yóò yọ ọta kúrò, yóò yọ bóòtì, ìyẹn irin tí à ń fà sẹ́yìn tó ń ti ìdí ọ̀pá, yóò wá fi igi tàbí idẹ ti òjé rírọ̀ tí wọ́n fi òróró pa gba inú ọ̀pá kọjá díẹ̀díẹ̀. Àwọn ìlà yíyí inú ọ̀pá yóò tẹ ara wọn sára òjé náà, yóò sì fi ìwọ̀n tó péye wọ̀n ọ́n. Èkejì ni ihò tí kátíríìjì, ìyẹn odidi ọta pẹ̀lú ìkarahun àti ẹ̀tù inú rẹ̀, ń jókòó sí. Irin kan wà tó ń jẹ́ Cerrosafe tí kì í tó bí omi ṣe ń hó kó tó yọ́. Wọ́n á dà á sínú ihò náà, yóò dì, wọ́n á tì í jáde, wọ́n á sì wọ̀n ọ́n lẹ́yìn bíi wákàtí kan. Owó iṣẹ́ yìí kò tó nǹkan lára owó tí ẹ fi ra ìbọn náà.

Kí ni 8x57, 7.62x54R, .30-06 túmọ̀ sí?

Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń fojú díwọ̀n fífẹ̀, èkejì sì jẹ́ gígùn ìkarahun kátíríìjì ní mìlímítà. R túmọ̀ sí pé ìdí rẹ̀ ní etí tó yọ síta. Àwọn tó ń fi íńṣì ka ìwọ̀n ń kọ ọ́ ní .303 tàbí .30; 06 tó wà nínú .30-06 jẹ́ ọdún 1906 tí wọ́n gbà á wọlé. Fojú díwọ̀n ni mo wí. Ọta .303 fúnra rẹ̀ tó nǹkan bíi .311 íńṣì. Ọta Carcano 6.5 ti Ítálì jẹ́ .268 íńṣì, nígbà tí gbogbo 6.5 yòókù tí ẹ ó rí lọ́jà jẹ́ .264. Ẹni tó bá fi 6.5 lásán di ọta fún Carcano yóò rí ọta tó ń fì kiri lójú àmì, yóò sì rò pé ìbọn náà ni kò dára.

Mauser 8mm ni mo ní. Ṣé gbogbo 8mm ló bá a mu?

Rárá o, ibí yìí sì ni àṣìṣe ti burú jù lọ nínú gbogbo ojú ìwé yìí.

Nígbà tí Jámánì gbé Gewehr 88 jáde ní 1888, ọta rẹ̀ fẹ̀ tó .318 íńṣì. Nígbà tó fi máa di 1905, wọ́n ti gba ọta tuntun tó ní ṣónṣó, tó fúyẹ́, tó sì yára, èyí tí wọ́n ń pè ní S; .323 íńṣì ni fífẹ̀ rẹ̀. Ìkarahun méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Èyí túmọ̀ sí pé ọta tó fẹ̀ jù lè wọnú ìbọn tí inú ọ̀pá rẹ̀ kéré, kí ìfúnpá sì ga kọjá ohun tí irin ọdún 1888 lè gbà. Wọ́n tún àwọn Gewehr 88 kan ṣe fún ọta tuntun náà, wọ́n sì lu S ńlá sórí wọn. Síbẹ̀, S náà kò sọ Gewehr 88 di ìbọn tuntun. Irin rẹ̀ kò le tó ti Mauser 98, kò sì ní ọ̀nà tó dára tí gáàsì lè gbà sá jáde bí ìkarahun bá ya. Èmi kò ní fi ọta alágbára kankan sínú Gewehr 88, ì báà ní S mẹ́ta lórí.

Fún Gewehr 98, K98k, VZ24 àti àwọn ìbátan wọn tí ìwọ̀n inú ọ̀pá wọn jẹ́ .323, ọta 8x57IS ni tiwọn. Ẹ ó rí ohun kan tó ń ya àwọn olùrà lẹ́nu: 8mm Mauser tí àwọn iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà ń ṣe rọ̀ ju ti Yúróòpù lọ dáadáa. Wọ́n mọ̀ pé Gewehr 88 ṣì wà nílé àwọn èèyàn, ni wọ́n bá fi ìfúnpá rẹ̀ sí nǹkan bíi 240 megapascal. Òdiwọ̀n Yúróòpù gbà tó 390 fún 8x57IS. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fi ti Amẹ́ríkà ṣẹ̀sín pé kò lágbára. Ní tèmi, fún ìbọn tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún tí kì í ṣe ọdẹ ni wọ́n fẹ́ fi ṣe, rírọ̀ yẹn gan-an ni mo fẹ́.

Mo rí S lórí Steyr M95 mi. Ṣé ọta Mauser S náà nìyẹn?

Kì í ṣe òun rárá. Ní àárín ọdún 1930 sí 1940 ni Ọ́sítríà àti Họ́ńgárì yí ọ̀pọ̀ M95 kúrò ní 8x50R bọ́ sí 8x56R, S ti Ọ́sítríà sì ń tọ́ka sí èyí. Ọta 8x56R fẹ̀ tó .329 íńṣì. Kò bá ọta Mauser kankan tan.

Ṣé 7.62x51 NATO àti .308 Winchester jẹ́ ọ̀kan náà?

Lójú, bẹ́ẹ̀ ni. Nínú ìbọn àtijọ́, ó sinmi lórí ìbọn náà.

Ìyàtọ̀ tòótọ́ wà ní ibi méjì. Wọ́n máa ń gbẹ́ ihò kátíríìjì ìbọn ológun gùn ju ti ìbọn ọdẹ lọ díẹ̀, kí ó lè ṣiṣẹ́ nínú ẹrẹ̀ àti ìdọ̀tí. Idẹ tí wọ́n fi ń ṣe ìkarahun ológun sì nípọn kí ó lè fara da àyè tó ṣẹ́ kù náà. Bí ẹ bá wá fi .308 ọdẹ tí idẹ rẹ̀ tinrín sínú ihò tó gùn jù, idẹ náà yóò nà, ó sì lè já ní ìdí. Ní ti nọ́ńbà ìfúnpá tí ẹ máa ń gbọ́ pé ọ̀kan jẹ́ 50,000 tí èkejì sì jẹ́ 62,000, ẹ fọkàn balẹ̀: ọ̀nà ìwọ̀n méjì tó yàtọ̀ ló bí wọn. Bàbà tí ìfúnpá ń fọ́ pẹlẹbẹ ni wọ́n fi wọ̀n ọ̀kan, ẹ̀rọ iná mànàmáná ni wọ́n fi wọ̀n èkejì. A kì í gbé wọn kalẹ̀ kí a wá yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì.

Ìbọn ńkọ́? K98k tí Ísírẹ́lì yí padà, tó ní 7.62 gàdàgbà lórí, ní ara Mauser 98, ó lágbára. Ishapore 2A àti 2A1 ti Íńdíà, irin tó dára ju ti Lee-Enfield àtijọ́, ìbọn ológun Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n fi ṣe é fún ọta ológun 7.62, ọta nǹkan bíi gíráàmù 9.5 ló bá a mu, kì í ṣe .308 ọdẹ tó wúwo tó sì gbóná. FR8 ti Sípéènì wá láti ìdílé Mauser 98. Ṣùgbọ́n FR7 àti M1916 tí Sípéènì yí sí 7.62 dúró lórí ara Mauser 1893, tí kò ní etí kẹta tó ń dáàbò bo ẹni tó ń yìnbọn bí nǹkan bá já níwájú. Àwọn kan ń yìn wọ́n lójoojúmọ́, wọ́n sì wà láàyè. Bí tèmi bá wà, ọta rírọ̀ ni yóò máa jẹ, bí kò bá jẹ́ pé ó kúkú sinmi sára ògiri.

Ṣé mo lè fi .30-06 tí àwọn ọdẹ ń rà sínú M1 Garand?

Ihò ọta rẹ̀ yóò gbà á. Ìṣòro wà ní iwájú. Garand máa ń gba gáàsì láti ihò kékeré kan nítòsí ẹnu ọ̀pá, gáàsì náà á ti irin gígùn kan sẹ́yìn láti kó ọta mìíràn wọlé. Ọta M2 ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, ọta nǹkan bíi gíráàmù 9.8. Ọta ọdẹ tó wúwo máa ń lo ẹ̀tù tó ń jó lọ́ra, nítorí náà nígbà tí ọta bá fi dé ẹnu ọ̀pá, ìfúnpá ṣì ga gan-an. Ara ìbọn kò ní bẹ́, ṣùgbọ́n irin gígùn yẹn yóò máa gba ìgbájú títí yóò fi tẹ̀. Irin Garand tó tẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹ fẹ́ wá kiri.

Ọ̀nà àbáyọ pọ̀. Ọta tuntun wà tí wọ́n kọ orúkọ M1 Garand sára páálí rẹ̀. Ìdérí gáàsì tó ṣeé yí wà pẹ̀lú tó ń jẹ́ kí gáàsì tó pọ̀ jù sá lọ. Ẹni tó bá ní M1917 tàbí M1903 tó dára kò nílò àníyàn yìí ní tirẹ̀, torí ọwọ́ ni à ń fi fà wọ́n.

Ohun kan kan Garand, SKS ti Soviet àti ọ̀pọ̀ ìbọn tó ń kó ọta fúnra rẹ̀: abẹ́rẹ́ ìbọn wọn kò ní spring tó ń dá a dúró, ó ń sáré lọ síwájú díẹ̀ nígbàkígbà tí bóòtì bá ti. Bí bọ́tìnì iná tó wà nídìí kátíríìjì, èyí tí abẹ́rẹ́ ń gbá kí ẹ̀tù lè gbaná, bá rọ̀ jù, tàbí tó yọ síta ju bó ṣe yẹ lọ, ìbọn lè dún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Nínú SKS, ẹ tú bóòtì kí ẹ nu gírísì tí wọ́n fi tọ́jú rẹ̀ kúrò pátápátá. Gírísì tó gan abẹ́rẹ́ mọ́ iwájú ló sábà máa ń fa èyí. Kí ẹ sì máa dojú ìbọn kọ ibi tí kò léwu nígbà tí ẹ bá ń kó ọta sí i.

Kí ló dé tí ìkarahun .303 mi ń já sí méjì?

Lee-Enfield ní àyè nínú. Wọ́n gbẹ́ ihò rẹ̀ ní fífẹ̀ kí ẹrẹ̀ ojú ogun má baà dá a dúró, etí ìdí kátíríìjì nìkan ló sì ń di ọta mú. Nígbà tí ẹ̀tù bá jó, ìkarahun yóò gan ara ògiri ihò níwájú, ìdí rẹ̀ yóò sì sún sẹ́yìn títí yóò fi kan bóòtì. Idẹ tó wà láàárín ló ń nà. Fún ọta tuntun tí ẹ yìn lẹ́ẹ̀kan, èyí kì í sábà jẹ́ wàhálà. Fún ìkarahun tí ẹ ń tún dì, ẹ ó rí ìlà kan tó ń dán yí ìdí rẹ̀ ká. Bí ẹ bá rí ìlà yẹn, ẹ jù ú nù. Ẹ tún lè fi wáyà tín-ín-rín tí ẹ tẹ̀ ṣónṣó rẹ̀ fọwọ́ bà á láti inú. Bí ihò bá ti ń gbẹ́ níbẹ̀, wáyà yóò kọ́.

Ẹ jẹ́ kí alágbẹ̀dẹ ìbọn fi òdiwọ̀n wọ̀n àyè tó wà láàárín ojú bóòtì àti ibi tí kátíríìjì gbé fara tì, èyí tí wọ́n ń pè ní headspace. Fún Lee-Enfield No. 4, orí bóòtì ṣeé pààrọ̀, ó ní nọ́ńbà 0, 1, 2 àti 3 ní títẹ̀lé gígùn, èyí sì lè dín àyè náà kù. Àyẹ̀wò yìí kì í ṣe ti .303 nìkan. Bóòtì tí nọ́ńbà rẹ̀ kò bá ti ara ìbọn mu ti lè wá láti ara ìbọn mìíràn, bẹ́ẹ̀ irú rẹ̀ kún ọjà, àgàgà lára Mosin-Nagant ti Rọ́ṣíà àti Mauser tí wọ́n tún kó jọ ní ilé ìkóhun-ìjà-sí.

Ní ti ọta tí ẹ ó rà: láti 1910 ni ọta Mark VII tó wọn gíráàmù 11.3 ti jẹ́ ti Lee-Enfield. Ohun tó bá súnmọ́ ìyẹn yóò bá ojú àmì rẹ̀ mu. Ẹ sì rántí pé etí ìdí .303 máa ń kọ́ ara wọn nínú ilé ọta. Ẹ tò wọ́n kí etí tòkè wà níwájú tìsàlẹ̀.

Wọ́n ní ọta ológun àtijọ́ ń mú ìbọn dógùn-ún. Òótọ́ ni?

Òótọ́ ni fún ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ̀tù kọ́ ló jẹ̀bi, bọ́tìnì iná ìdí kátíríìjì ni. Potassium chlorate ni wọ́n ń pò mọ́ ọn láyé àtijọ́ nítorí pé ó máa ń pẹ́ nínú àká láìbàjẹ́. Bó bá ti jó tán, ohun tó ń fi sílẹ̀ ni potassium chloride, irú iyọ̀ kan. Iyọ̀ yìí ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ìpẹtà sì lè bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan bí afẹ́fẹ́ bá ní ọ̀rinrin púpọ̀.

Nítorí pé iyọ̀ ni, omi ló ń yọ́ ọ. Òróró kò lè yọ́ ọ, òróró kàn ń bò ó mọ́lẹ̀ ni. Ẹ da omi gbígbóná gba inú ọ̀pá láti ìdí, ọṣẹ díẹ̀ kò burú, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a, ẹ tún da omi, ẹ nù ún gbẹ, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fi òróró pa á. Ẹ má gbàgbé ojú bóòtì, àti ọ̀nà gáàsì bí ìbọn bá ń kó ọta fúnra rẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ pé amóníà ló ń pa iyọ̀ yìí. Omi tó wà nínú amóníà náà ló ń ṣiṣẹ́. Kí ẹ ṣe é lọ́jọ́ tí ẹ yìnbọn, kì í ṣe ní òpin ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Báwo ni mo ṣe lè mọ èyí tó ní iyọ̀ nínú?

Ibi tó ti wá àti ọdún tí wọ́n ṣe é ló ń sọ ọ́. Ẹ ka gbogbo ọta ológun láti Soviet Union àti àwọn orílẹ̀-èdè tó bá a rìn sí oníyọ̀, àyàfi bí ẹ bá ní ẹ̀rí. Ẹ ka .30-06 ológun Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣe ṣáájú àárín ọdún 1950 sí 1960 sí oníyọ̀ pẹ̀lú. .30 Carbine tí Amẹ́ríkà ṣe kò ní iyọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí pé iyọ̀ ì bá ba ihò gáàsì M1 Carbine jẹ́. Ọta Gíríìsì tó ní HXP nídìí, ì báà ṣe .303 tàbí .30-06, kò ní. GP11 ti Switzerland fún ìbọn K31 kò ní, ó sì péye débi pé ọ̀pọ̀ ló kà á mọ́ ọta ológun tó dára jù lọ tí wọ́n tíì ṣe.

Ìgbàgbọ́ kan wà pé ìkarahun tó ní ihò iná méjì nínú, ìyẹn Berdan, jẹ́ oníyọ̀, pé èyí tó ní ẹyọ kan, Boxer, kò ní. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìkarahun ni Berdan àti Boxer ń ṣàpèjúwe, kì í ṣe ohun tí wọ́n pò mọ́ iná. (Hiram Berdan jẹ́ ará Amẹ́ríkà, Edward Boxer jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà wá ń lo Boxer, ọ̀pọ̀ Yúróòpù ń lo Berdan. Ayé yìí náà ṣá.) Bí iyèméjì bá wà, ẹ fọ ìbọn náà bíi pé iyọ̀ wà. Omi gbígbóná kò gbówó lórí.

Ọta ọdún 1940 ṣì ṣeé yìn?

Nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni, bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀ síbi tó gbẹ tó sì tutù. Ọdún nìkan kò tó. Ẹ yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò: ọrùn tó ya, àwọ̀ ewéko tó ti jẹ idẹ wọlé, ọta tó ń mì nínú ìkarahun, bọ́tìnì iná tó yọ síta. Ẹ̀tù tó bàjẹ́ ní òórùn kíkan, ó lè tú èéfín pupa bíi ti ìpẹtà, ó sì ń jẹ idẹ láti inú. Bí ẹ bá rí ẹyọ kan bẹ́ẹ̀ nínú páálí, ẹ fura sí gbogbo páálí náà.

Yíyà ọrùn ní ìtàn tó dùn. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní Íńdíà máa ń kó ọta wọn sínú ilé ẹṣin lásìkò òjò. Idẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ya láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ó pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ pé amóníà inú ìtọ̀ ẹṣin ló ń jẹ idẹ tí iṣẹ́ ilé ìrọ ti mú kí ara rẹ̀ le. Nítorí èyí ni wọ́n fi ń fi iná jẹ́jẹ́ mú ọrùn ìkarahun ológun rọ̀ lónìí, tí ẹ sì fi ń rí àwọ̀ bíi ti aró lára rẹ̀. Àmì iṣẹ́ ni, kì í ṣe àbùkù. Ẹ má sì fi ohun tó ní amóníà nu ọta kó lè dán.

Ọta 8mm ti Túkì àtijọ́ gbajúmọ̀ fún ọrùn yíyà, ó sì tún gbajúmọ̀ fún agbára tó pọ̀. Ó pọ́kú, ó sì pọ̀. Èmi kì í rà á.

Mo fà á, kò dún. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má ṣí bóòtì. Ẹ jẹ́ kí ẹnu ìbọn ṣì dojú kọ ibi àmì, kí ẹ dúró fún ó kéré tán ìṣẹ́jú kan. Ọta tó ti gbó lè pẹ́ kó tó gbaná; .303 ti Pakístáànì tó ní POF nídìí lókìkí fún èyí, ẹ ó gbọ́ ṣẹ́ẹ́ẹ́, kó tó dún gbì. Ẹni tó bá ti ṣí bóòtì láàárín méjèèjì yóò gba iná sójú.

Èyí tó dún kúkurú tí kò tì yín sẹ́yìn tún burú jù ú lọ. Ó ṣeé ṣe kí ọta ti há sínú ọ̀pá. Ẹ dáwọ́ dúró, ẹ yọ gbogbo ọta kúrò, ẹ wo inú ọ̀pá láti ìdí kí ẹ tó ronú èkejì. Gíláàsì ojú àti ohun tí à ń fi dí etí kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ní pápá ìyìnbọn.

Ṣónṣó ọta mi ní àwọ̀. Ṣé ó ní ìtumọ̀?

Ó ní, ó sì yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè. Nínú 7.62x54R ti Soviet, fàdákà jẹ́ ọta fífúyẹ́ tí irin rírọ̀ wà nínú rẹ̀, ìyeyè jẹ́ ọta wíwúwo, àwọ̀ ewéko jẹ́ èyí tí ń tan iná bó ṣe ń lọ, dúdú àti pupa jẹ́ èyí tí ń gún irin tó sì ń dáná. Nínú .30-06 Amẹ́ríkà, dúdú ń gún irin, pupa ń tan iná. Èyí tó ń tan iná àti èyí tó ń dáná lè sun igbó, pápá ìyìnbọn kì í gbà wọ́n, òfin ibòmíràn sì kà wọ́n léèwọ̀. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún àwọn olùkójọ ọta.

Bí irin òòfà bá mú ọta, ó ní irin nínú tàbí lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ pápá ń fi òòfà yẹ ọta wò lẹ́nu ọ̀nà nítorí pé irin ń ba pátákó àmì wọn jẹ́, ó sì ń ta iná.

Bí ẹ bá sì rí ọta tí igi wà lẹ́nu rẹ̀, kì í ṣe ọta ogun. Fún ìdánrawò ni, igi náà ń fọ́ lẹ́nu ìbọn. Kò ní ohun tó ń ṣe ní pápá yín.

Ṣé ìbọn kan wà tí kò yẹ kí n yìn rárá, ọta yòówù kó jẹ́?

Ó wà. Springfield M1903 tí nọ́ńbà rẹ̀ kò tó 800,000 (tàbí 285,507 bó bá jẹ́ ti Rock Island): wọ́n fi ojú wo iná alágbẹ̀dẹ láìlo ẹ̀rọ ìwọ̀n nígbà yẹn, irin àwọn kan sì gbẹ jù, ó lè fọ́ bí dígí. Vetterli ti Ítálì tí wọ́n yí sí 6.5 nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní: ẹ̀tù dúdú ni wọ́n ṣe ara rẹ̀ fún. Ìbọn ìdánrawò àwọn ọmọ ilé ìwé Jàpáànì: ó jọ Arisaka, ṣùgbọ́n inú ọ̀pá rẹ̀ dán láìní ìlà yíyí, irin dídà lásán ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, ọta aláìlórí ló ń jẹ. Ẹni tó bá fi ọta gidi sí i ti wá ikú wálé.

Schmidt-Rubin 1889 ti Switzerland jẹ́ ọ̀ràn mìíràn. Ó ṣeé yìn, ṣùgbọ́n kì í ṣe pẹ̀lú GP11, tó ga ju agbára rẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè wọnú rẹ̀. Kí ẹ má sì da 7.5x55 ti Switzerland pọ̀ mọ́ 7.5x54 ti MAS-36 Faransé.

Ọta mi bá ìwọ̀n mu, ṣùgbọ́n ó ń lọ sókè jù ní mítà 100. Ṣé ọta ni?

Ìbọn ni, kò sì ṣàìsàn. Ojú àmì Gewehr 98 àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ láti mítà 400. Kò sí bí kò ṣe ní ga ní 100. Mosin 91/30 sì ni wọ́n tò pẹ̀lú ọ̀bẹ ẹnu rẹ̀ ní ìdúró, bí ẹ bá yọ ọ̀bẹ náà, ibi tí ọta ń bà yóò sún. Ẹ fojú sun ibi tó rẹlẹ̀ ju àmì lọ lójú pátákó, tàbí kí ẹ fi ìbọ̀rí tó ga bo irin iwájú. Ẹ má fáìlì irin náà, ẹ má sì lọ wá ọta tó gbóná jù láti fi tún un ṣe.

Mélòó ni kí n kọ́kọ́ rà?

Páálí kan tàbí méjì nínú irú méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ tó ra àpótí. Ẹ yìn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹyọ ọta kan nínú ìbọn lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì gbé ìkarahun kọ̀ọ̀kan wò: ọrùn tó ya, ìlà tó ń dán, bọ́tìnì iná tó fẹ̀ pẹlẹbẹ tàbí tó lu. Bí ìkarahun bá jáde mọ́, tí ọta sì ń bà síbi kan náà, ẹ wo nọ́ńbà ìpele tó wà lára páálí, kí ẹ padà lọ ra nínú ìpele yẹn gan-an. Ọta ológun tó ní orúkọ kan náà láti ìpele mìíràn lè jẹ́ ti ọdún mìíràn, iléeṣẹ́ mìíràn, àti ẹ̀tù mìíràn, oníṣòwò yóò sì máa ta méjèèjì ní iye kan náà.